Ọmọ tó ń pe àkàrà ní àtàlà

Ọdún kìíní tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iléṣà, mo ṣe ohun kan tí ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn, kí n máa ran àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ sísọ nira fún lọ́wọ́. Speech therapist ni òyìnbó ń pè wá. Mégáàdì kan ní Ifẹ̀ ń pè mí ní Dókítà Ahọ́n, mo sì ń dáhùn, torí ó yá ju kí n dúró máa ṣàlàyé ní géètì lọ.

Wọ́n mú ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan wá bá mi. Tíṣà rẹ̀ ní kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, bó bá sì la ẹnu, kò ju “yes” tàbí “no” lọ. Mo to àwòrán síwájú rẹ̀, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi í léèrè, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ jù. Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní ọjà Àtakúnmọ̀sà, mo ní kí wọ́n pa Yorùbá tì nílé, kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọn á máa bá a sọ, kí èdè méjì má baà dà á lórí rú. Obìnrin náà dúpẹ́ títí. Ó tún kúnlẹ̀.

Mi ò béèrè ẹni tó ń wà lọ́dọ̀ ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé títí ìyá rẹ̀ á fi ti ọjà dé. Ìyá àgbà ni. Ìyá àgbà kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n “dókítà” ló sọ̀rọ̀, ni màmá bá pa ẹnu wọn dé. Oṣù mẹ́ta gbáko, wọ́n ń bu oúnjẹ fún un, wọ́n ń wẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ wọn kò ju “come” àti “eat” lọ.

Lọ́jọ́ kan, lásìkò ìsinmi, mo dúró sẹ́bàá géètì, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: “Màmá alátàlà, ẹ fún mi ní àtàlà mẹ́ta. Ẹ bá mi fi ata sí i. Tíá o, wọ́n ti fẹ́ lu agogo!”

Mo yíjú padà. Ọmọ tí mo kọ sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ ni. Odindi gbólóhùn ló ń tò léra bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ibẹ̀ kò sì ju méjì lọ: ó ń fi t dípò k, ó ń fi l dípò r. Ẹ tún fetí sí ohùn rẹ̀: àkàrà, àtàlà. Dòdòdò ni lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbé ọ̀kan sókè. Ọmọ Yorùbá máa ń tètè mú ohùn. Kọ́ńsónáǹtì ló máa ń pẹ́ lẹ́nu wọn. Ọmọ yìí kò ya odi. Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì gbọ́ tó.

Bí ìṣòro bá wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ lóòótọ́, á hàn nínú gbogbo èdè tó ń sọ. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ti ń kọsẹ̀, èdè tuntun ló ń kọ́. Èdè méjì kì í dá ọmọ lẹ́nu dúró. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí jù ni pé tòsí wa níbí ni Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, láti 1970, ní St Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mo ka ìtàn yìí fún ìdánwò, mo gba máàkì, mo sì gbàgbé ẹ̀ nígbà tí mo nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè, ìyẹn Yorùbá ìlú kọ̀ọ̀kan, náà wà níbẹ̀. Tíṣà kan tó ti ìlú mìíràn wá fi ọmọbìnrin kan ránṣẹ́ sí mi pé kò lè pe “ilé”, “ulé” ló ń pè, iṣu sì di “uṣu”. Ìjẹ̀ṣà ni ọmọ ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀! Mo ní kí tíṣà tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn aláta, kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi ara balẹ̀ yẹ ohun kan wò, etí ni. Ọmọbìnrin kan wà ní Ifẹ̀, ní kíláàsì kejì, tí wọ́n ti fún lórúkọ olóríkunkun. Bí ẹ bá wà níwájú rẹ̀, á dá yín lóhùn. Bí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, ó di kẹ́sẹ́. Ó ń pe ọṣẹ ní “ọ-ẹ”, ẹsẹ̀ ní “ẹ-ẹ̀”. Ohùn rẹ̀ ń bọ́ sípò, s àti ṣ ni kò sí níbẹ̀. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ Yorùbá, inú ìró tó rẹlẹ̀ ló wà. S àti ṣ jẹ́ ìró tó ga, tó sì tín-ín-rín, ìyẹn sì ni etí púpọ̀ máa ń kọ́kọ́ pàdánù.

Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ìwé bo ẹnu mi. Mo kó ìdérí kóòkì fún un, mo gbé ife sí iwájú rẹ̀, mo ní bó bá ti gbọ́ ìró, kó sọ ọ̀kan sínú ife. Ìró mẹ́fà ni, Daniel Ling, olùkọ́ àwọn adití, ló ṣètò rẹ̀: a, u, i, ṣ, s, m. A, ìdérí wọlé. U, ó wọlé. I àti m náà wọlé. Nígbà tó kan ṣ, ọmọ náà gbé ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó ń dúró dè mí. Mo tún un ṣe. Ó ṣì ń dúró. Bẹ́ẹ̀ ni s.

Ìyá rẹ̀ ní ojú ọmọ pọ́n rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i, àti pé inú kánfọ́ ni òun ti kó aṣọ rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba kánfọ́, ó máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ibà apọ́njú á wá ru sókè. Bó bá ga jù, ó lè ba etí jẹ́. Mi ò sọ fún un pé òun ló fà á. Lẹ́tà ni mo kọ, mo ní kó gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn OAU fún àyẹ̀wò etí. Tíṣà rẹ̀ gbé e wá sí bẹ́ńṣì iwájú lọ́jọ́ náà.

Ní ti akólòlò, ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀, ẹ má sì ní kó mí kanlẹ̀. Ẹ dúró. Àwọn tó ń gbé bíléèdì wá pé kí n gé okùn abẹ́ ahọ́n ọmọ, ẹ gbé e padà sílé.

Mo lọ bẹ ìyá àgbà ọmọ alátàlà ní Iléṣà. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo ṣì í. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. “Ṣé mo lè bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ báyìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá ń pa àlọ́ lálẹ́, kí wọ́n fi àkùkọ, ọ̀kẹ́rẹ́ àti kìnnìún sí i dáadáa.

Èmi náà ń ṣe tèmi nínú yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù àti ṣọ́ọ̀kì sí. Mo gbé dígí síwájú ọmọkùnrin náà, kó lè rí bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń sáré wá sẹ́yìn eyín. Mo ní kó gbé omi sẹ́nu, kó gbé orí sẹ́yìn, kó jẹ́ kí omi máa hó ní ọ̀fun: ibẹ̀ yẹn ni k ń gbé. Aṣọ mi tutù lójoojúmọ́. Ó gbà wá ní tẹ́ẹ̀mù méjì gbáko, ká tó gbọ́ k lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé a rán an létí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e lọ sí géètì, mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó na owó rẹ̀, ó pariwo: “Màmá, ẹ fún mi ní àkàlà méjì!”

Ìyá alákàrà wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní àwọn ò ta ẹyẹ níbí o.