Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ fojú ara yín wo sẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó da MTT sí i

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo pé ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ yìí, ọjọ́ yẹn gan-an ni àbúrò kan ní láàbù gbé àbájáde MTT ẹ̀ wá (MTT ni èròjà aláwọ̀ ìyeyè tí sẹ́ẹ̀lì alààyè máa ń sọ di elésè àlùkò, àwọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ fi ń ka iye tó ṣì wà láàyè), ó ní kẹ́míkà tóun yọ lára ewé ò pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, pé bóun ṣe ń fi kún un ni sẹ́ẹ̀lì ń pọ̀ sí i. Àyà mi já. Ni mo bá ní kí n to ohun tí mo ti kọ́ sílẹ̀ fún yín.

Èkíní, ẹ má jẹ́ kí DMSO, omi tá a fi ń yọ́ oògùn, ju 0.5% lọ. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkejì, ẹ dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì tí ò ní àrùn pẹ̀lú, torí ohun tó bá ń pa gbogbo ẹ̀ pátá, májèlé ni.

Ẹ̀kẹta, MTT, ibí ni mo fẹ́ jókòó sí. Quercetin, èròjà kan tó wà nínú ewé àti èso, ni mo ń yí padà nígbà yẹn, mo ṣe oríṣi mọ́kànlá, oṣù mẹ́jọ gbáko, ìdí kọ́lọ́ọ̀mù tá a fi ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ ni ilẹ̀ ń ṣú mi sí. Ìgbà tí mo dán wọn wò, ibi tí oògùn ti pọ̀ jù ni àwọ̀ elésè àlùkò ti dú jù, ẹ̀rọ ní sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè jẹ́ 130%. Mo ní wọn ò ṣiṣẹ́, mo da èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́kànlá náà nù. Ọ̀gá kan wo ìwé mi, kò sọ nǹkan kan.

Ó lé lọ́dún kan kí n tó gbé irú pléètì bẹ́ẹ̀, abọ́ oníhò tí sẹ́ẹ̀lì ń wà, sábẹ́ maikirosíkópù. Sẹ́ẹ̀lì ti kú! Wọ́n ti ká róbótó, wọ́n ń léfòó. Mo wá mú ọ̀kan nínú tàtijọ́, mo da òun àti MTT síhò tí ò sí sẹ́ẹ̀lì kankan, wákàtí mẹ́rin péré, ó ti di elésè àlùkò. Ohun tó yẹ kí ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì alààyè ṣe fún MTT, OH méjì (oxygen àti hydrogen tó so pọ̀) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára oògùn mi ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ polyphenol inú ewé, ìyẹn àwọn ẹbí quercetin, ṣe lè ṣe. Mo lọ bá ọ̀gá yẹn, ó lóun mọ̀, òun rò pé èmi náà mọ̀. Ó ń dùn mí dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀, oṣù mẹ́jọ ayé ẹlòmíì kì í ṣe nǹkan téèyàn ń dákẹ́ wò.

Ẹ wo paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ, 1962 ni wọ́n gé èèpo igi yew tó ti wá, 1992 kó tó gbàṣẹ ní Amẹ́ríkà. Ká ní ẹnì kan ti jù ú nù nítorí pléètì kan ṣoṣo ńkọ́?

Mo ti ní kí àbúrò yẹn tún un ṣe, kó fi ihò tí ò ní sẹ́ẹ̀lì sí i, kó fi PBS, omi oníyọ̀ tí kì í pa sẹ́ẹ̀lì lára, ṣan oògùn kúrò kó tó da MTT, kó tún fi SRB tó ń kun púrótéènì wé e. Mẹ́ta nínú mọ́kànlá tèmi ṣì wà nínú fíríìsà, mi ò lókun àtipadà síbẹ̀ látọjọ́ yìí. Tó bá ti ń to pléètì tiẹ̀, màá gbé wọn jáde.