Mo Tún Gbé Ìkòkò Ọtí Kaná

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́

Òórùn móòtì, ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà, ti gba gbogbo ilé. Ìyá Ìbejì ṣí fèrèsé kíṣìnì méjèèjì, òtútù ìlú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí sì ń wọlé bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Bíà tí mo fẹ́ pọn kò ṣòro. Mo fẹ́ ọtí pupa rúsúrúsú tó korò díẹ̀, tí òórùn hóòpù, òdòdó tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn, hàn nínú rẹ̀ dáadáa, tí kò sì gba owó púpọ̀. Ìyẹ̀fun móòtì kìlógíráàmù kan ààbọ̀, irú hóòpù tí wọ́n ń pè ní Cascade gíráàmù 100, yíìsì àpò kékeré kan. Gbogbo rẹ̀ kò tó £25, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, màá rí ìgò onídajì lítà tó 20 níbẹ̀.

Ẹnìkan sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹni tó bá fi ìyẹ̀fun móòtì pọn ọtí kò tíì pọn nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo rántí ìyá àgbà mi. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n ń pọn. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó títí yóò fi hù, kí wọ́n tó wá sá a sóòrùn, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sè é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àgbàdo tó ń ta gbòǹgbò nínú apẹ̀rẹ̀ ti bà jẹ́ ni. Ìlú òyìnbó níbí ni mo ti mọ̀ pé ọ̀nà kan náà ni móòtì gbà: ọkà bálì tí wọ́n rẹ, tó hù, tí wọ́n sì yan gbẹ. Bí ọkà bá ti hù, ohun líle inú rẹ̀ á di ṣúgà nígbà tí omi gbígbóná bá kàn án. Omi dídùn yẹn ni wọ́n fà jáde tí wọ́n sọ di ìyẹ̀fun. Iṣẹ́ ìyá àgbà ni mo rà nínú àpò yẹn. Ìyókù ṣì wà lọ́rùn mi.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ìyá àgbà, ọjà ni wọ́n ń gbé e lọ. Èmi kò gbọdọ̀ ta tèmi. Láti ọdún 1963 ni ìjọba Britain ti ní kí ẹni tó bá ń pọn bíà mu nílé má gba ìwé àṣẹ mọ́, ṣùgbọ́n tí a bá tà á, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.

Lítà omi mẹ́jọ ni mo gbé kaná. Ìyẹ̀fun móòtì kò fẹ́ràn ooru: kó tó balẹ̀ sínú omi ló ti ṣu kókó bí àmàlà ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rò. Mo gbé ìkòkò kúrò lórí iná, mo mú ọmọrogùn, mo rò ó títí kókó fi tán.

Hóòpù náà dà bí oúnjẹ adìẹ. Gíráàmù 15 ni mo kọ́kọ́ dà, kó hó fún wákàtí kan. Mo bojú wo fóònù díẹ̀, ni ìfófòó bá ru sókè, ó kún dé etí ìkòkò, ó ya sórí sítóòfù. Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ tètè nù ún kó tó gbẹ o." Mo nù ún. Ó ń lẹ̀ bí oyin.

Hóòpù kì í fún ọtí ní ìkorò rẹ̀ àfi bó bá hó pẹ́, ṣùgbọ́n bó bá hó pẹ́, òórùn rẹ̀ á bá ooru lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá ìyókù dúró bí ẹni tó dá efinrin dúró di ìgbà tó bá fẹ́ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo da 25 sí i; bí mo ṣe paná, mo da 30. Òórùn èèpo ọsàn gba kíṣìnì. Àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti fi ewúro àti orógbó dán iṣẹ́ hóòpù wò, torí irúgbìn ilẹ̀ wa kọ́ ni hóòpù. Mo fẹ́ gbìyànjú orógbó kí ọdún tó parí.

Lẹ́yìn sísè ni ọtí ń bà jẹ́. Gbogbo ohun tó máa kàn án ni mo fi oògùn apakòkòrò ṣàn, títí kan ṣíbí. Mo gbé ìkòkò sínú omi tútù ní balùwẹ̀, mo sì dúró tì í, torí ooru á pa yíìsì. Nígbà tó tutù dé ìwọ̀n Celsius 20, mo dà á sínú garawa, mo bu omi tútù tí mo ti sè tẹ́lẹ̀ kún un kó pé lítà 11. Mo wọn bí ṣúgà ṣe mú un wúwo ju omi lásán lọ (1.000 ni ti omi): 1.050. Bí yíìsì bá sọ ṣúgà náà di ọtí, tó sì sọ̀ kalẹ̀ dé 1.012, agbára ọtí rẹ̀ á tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo bu yíìsì lé e lórí, mo dé e.

Sunday, aago méje àárọ̀

Mi ò tan iná. Mo kúnlẹ̀ ti garawa, mo tẹ́tí. Omi inú ike kékeré orí ìdérí, tí afẹ́fẹ́ yíìsì ń gbà jáde, dákẹ́, ó tún dún "bùlú." Mo kà á: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án síra. Ìyá Ìbejì náà wá, ó bẹ̀rẹ̀ tì mí, ó ní, "Ó ti mí."

Yàrá náà ti tutù jù, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń ba òórùn hóòpù jẹ́. Mo kọ ọjọ́ àti 1.050 sára bébà, mo fi kún un pé gíráàmù 30 ṣì kù tí màá dà sí i nígbà tí ìhó rẹ̀ bá rọlẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ garawa. Mo wá gbé agbádá mi àtijọ́, mo fi wé e ká, mo yọ ike orí rẹ̀ nìkan síta.