Kì í Ṣe Kétu ti Èkó

Alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Iná ò tíì dé láti àná, bátìrì fóònù mi sì ti ń lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ti òní sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ.

Ó pé oṣù mẹ́ta lónìí tí mo wọ Ilé-Ifẹ̀. Láti Kétu, mo gba Ìlárá bọ́ sí Ìmẹ̀kọ, mo wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, láti Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, láti Ìbàdàn síbí. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó sọ̀kalẹ̀ ní Mayfair, èmi pẹ̀lú báàgì méjì àti àpò gàrí tí ìyá mi ní dandan ni kí n gbé. Ilé-ìwé aládàáni kan ló ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé. Mo ti múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, mo rò pé òun ló máa le. Iṣẹ́ ò le. Yorùbá tí mo gbọ́ láti inú ìyá mi ni mo tún wá ń kọ́.

"Níbo lẹ ti wá?" Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í bi mí. Bí mo bá ti ní Kétu, wọ́n á ní, "Áà, Kétu! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12!" Èkó ni wọ́n ń rò. Màá ní rárá o, kì í ṣe Kétu ti Èkó, Kétu Alákétu ni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n á wá ní, "Àṣé ará Kútọnu ni yín." Èmi tí mi ò gbé Kútọnu rí. Ìyá onílé wa ní Mọ̀rè kò pe orúkọ mi rí, Àǹtí Kútọnu ló ń pè mí, àwọn ọmọ ilé sì ti gbà á lẹ́nu wọn. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn ní ìkóríta béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ọbẹ̀ ata òun dùn tó ti ilé wa. Ó bọ̀wọ̀ fún mi gan-an, ó ń dúró de ìdáhùn bí ẹni dúró de èsì ìdánwò. Mo sọ òtítọ́ fún un: ọbẹ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Àgànyìn.

Àárọ̀ òní, búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Títí di báyìí, ẹnu mi ò tíì mọ búrẹ́dì Nàìjíríà. Èyí tí a ń jẹ nílé gùn, èèpo rẹ̀ le, ó máa ń dún tí a bá kán an. Ti ibí rọ̀, ó dùn bí ẹni pé wọ́n da ṣúgà sí i. Mo ra kékeré kan, mo fi mu tíì, mo gba ọjà Odò-Ògbè lọ.

Mo fẹ́ràn ọjà yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ Ifẹ̀ gidi lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, tí wọ́n ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣu ní uṣu, tí Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Ufẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tó ń yan tòmátò, kí n lè gbọ́ sí i. Ohun tó ṣì ń rẹ̀ mí níbẹ̀ ni owó. Nílé, 10,000 sẹ́fà, bébà kan ni. Níbí, náírà 1,000 ló tóbi jù, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan a sì kún pọ́ọ̀sì. Ní oṣù àkọ́kọ́, kò sí nǹkan tí mi ò ní ṣírò sí sẹ́fà lọ́kàn kí n tó dáhùn, ẹni tó ń tajà á ti rò pé mò ń ná ọjà rẹ̀. Lónìí mo ra kóńgò ẹ̀wà kan, mo ná an, mo san án, mo rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta kí n tó rántí pé mi ò ṣírò rẹ̀. Mo dúró lójú ọ̀nà. Inú mi dùn díẹ̀, ó tún dà bí ẹni pé nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn tó mọ ìtàn Kétu kì í pè mí ní ará Kútọnu. Wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sí mi, wọ́n á ní ọmọ Odùduwà ni mí, pé mo padà wálé ni. Òótọ́ sì ni. Ìyá ìyá mi ló kọ́ mi pé Ifẹ̀ ni Ṣọ́ípàsán ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde kí wọ́n tó dé ibi tí a wà. Òun náà ló sọ bí ogun Dàhọ̀mì ṣe kó Kétu ní 1886, tí wọ́n jó ìlú, tí wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Àgbómẹ̀. Kò ju ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní 1889, tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó fẹnu kò lórí ààlà. Ìmẹ̀kọ tó ń sin Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Àbúrò ìyá mi wà ní Ìmẹ̀kọ títí dòní. Ìlú òkèèrè ló ń gbé, a sì lè gun ọ̀kadà lọ kí i.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ohun kan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń pè mí lọ́mọ ilé yìí, òun ló mú kí oṣù àkọ́kọ́ mi nira. Nínú ilé tí mò ń gbé, ìyàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tó ń gbá àgbàlá, ó sì ní àkókò tí a kì í fa omi kànga kí ó lè sun padà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, àgbàlá ò ṣe é wò ní ọjọ́ tèmi, aládùúgbò mi kan sì gbaná jẹ: "Ṣé wọn kì í gbálẹ̀ ní Kétu ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ẹ sì wò ó, àgùnbánirọ̀ kan wà ní ìyàrá tó kọjú sí tèmi, ọmọ Akwa Ibom, tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Òun ni wọ́n mú káàkiri ilé ní ọjọ́ tó dé. Wọ́n fi kànga hàn án, wọ́n fi ìgbálẹ̀ hàn án, wọ́n kọ́ ọ pé kó máa fi "mà" àti "sà" kún ìkíni rẹ̀. Èmi, etí ara mi ni mo fi kọ́ "mà" yẹn, a kì í sọ ọ́ nílé. Àlejò ni wọ́n ka òun sí, wọ́n sì ṣàlàyé ayé wọn fún un. Mi ò rò pé wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú èrò ibi. Wọ́n rò pé mo mọ̀ ni.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, mo lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Mo ti ń sún un síwájú láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní mọ nǹkan kan lára. Òkúta náà ga ju mítà 5 lọ, àwọn ìṣó irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára ti dúdú. Mo dúró pẹ́. Bàbá àgbà kan tó wà nítòsí bi mí níbi tí mo ti wá. Mo sọ fún un, mo sì ń retí káàbọ̀-sílé tí mo ti mọ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kétu. Ó jìnnà. Ta lo mọ̀ níbí?" Mo ní mi ò mọ èèyàn púpọ̀. Ó jókòó, ó ní kí n jókòó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi ọ̀nà tó gba Ẹnuwá jáde, ibi tí ọkọ̀ Lágéré ń dúró sí, àti bí mo ṣe máa kí i tí mo bá tún rí i lọ́nà. Ó ju ìdajì wákàtí lọ. Bí mo ṣe ń kúrò níbẹ̀, omi ti lé sí mi lójú.

Ebi ti ń pa mí nígbà náà. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ọkàn mi ti ń fà sí ọkà ilé wa, ìyẹn ọkà tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò, tó funfun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ní kí wọ́n fún mi ní ọkà ní bùkà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n gbé àmàlà wá. Àmàlà Ifẹ̀ dùn, mo ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo ń wá. Mo gba Sábó kọjá lónìí láàárín àwọn Hausa, mo rí ìyá kan tó ń bu nǹkan funfun sínú abọ́. Mo ní, "Kí nìyẹn?" Ó ní, "Túwó." Ó fi ọbẹ̀ ilá gbígbẹ sí i. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo bu òkèlè àkọ́kọ́, mo sì dákẹ́. Òun ni. Ilá náà yàtọ̀ sí ti ìyá mi, ṣùgbọ́n ọkà wa ni.

Yorùbá ìyá náà kò já gaara, Hausa tèmi kò sí rárá. Ó fi ọwọ́ bi mí bóyá ó dùn. Ó tún bu díẹ̀ sí i, kò gba owó rẹ̀. Mo bi í nípa ilé ọlọ tó ń bá a lọ àgbàdo, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Kóńgò àgbàdo funfun kan ni màá gbé lọ síbẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé tí ilé-ìwé bá jáde. Mo ti sọ fún Ìyá onílé pé màá se ọkà Kétu fún un. Ó ní ọkà wo nìyẹn, ṣé kì í ṣe àmàlà ni? Mo ní rárá mà, ẹ jókòó, màá ṣàlàyé.

Àwọn ọmọdé ti ń pariwo níta, "Ápù NẸ́PÀ!" Iná ti dé. Ẹ jẹ́ kí n lọ so fóònù mọ́ná kí n lè pe ìyá mi.