"Ṣé O Ní Ìbéèrè?"

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, Kubwa, Abuja

Láàárọ̀ ọ̀la, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọ wa kan á ti wà lójú títì ní Nyanya àti Lugbe, intafíù ni wọ́n ń lọ ṣe ní Wuse. Wọ́n ti lọ aṣọ, ìwé ẹ̀rí ti wà nínú fáìlì. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn ló ń jẹ mí lọ́kàn, nígbà tí ọ̀gá bá béèrè pé, "Ṣé o ní ìbéèrè?", tí ọmọ Yorùbá tó gbẹ̀kọ́ á sì dáhùn pé kò sí.

Ọ̀wọ̀ ló pè é. Lójú àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀, kò ka iṣẹ́ náà sí ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní "ẹ", ìyẹn ló ń dẹ́rù bà wá. "Sà" tàbí "mà" pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ ti tó.

Kọ ìbéèrè márùn-ún sínú ìwé kékeré, torí wọ́n á ti dáhùn méjì nínú rẹ̀ kó tó kàn ọ́. Má kọ ọ́ sórí fóònù: bí o bá tẹjú mọ́ ọn, WhatsApp ni wọ́n máa rò pé ò ń kà. Béèrè méjì tàbí mẹ́ta, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá so wọ́n pọ̀, èyí tó rọrùn nìkan ni wọ́n máa dáhùn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni: "Ṣé ààyè tuntun ni, àbí ẹnìkan ló kúrò níbẹ̀?" Béèrè ẹ̀, kí o dákẹ́, kí o wo ojú wọn. Bí wọ́n bá ní ṣe ni wọ́n gbé onítọ̀hún ga, ó dáa. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ wo ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ìdáhùn nìyẹn náà. Lẹ́yìn náà, béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí o ti parí láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi ti máa ń yọjú, torí ìpolówó iṣẹ́ kì í sọ gbogbo ẹ̀.

Abuja kún fún iṣẹ́ NGO, àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba. Owó olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n fi ń sanwó oṣù, ọjọ́ tó bá tán, iṣẹ́ náà lè tán. Béèrè oṣù tí owó náà máa parí. Bí ìrìnàjò Maiduguri bá wà níbẹ̀, béèrè bóyá wọ́n ń sanwó ilé ìtura ṣáájú, àbí tìrẹ lo máa kọ́kọ́ ná.

Má fi owó oṣù bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ iye, béèrè bóyá wọ́n ti yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì kúrò. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, ó kéré tán. Bí owó oṣù gidi, owó ilé àti owó ọkọ̀ bá jọ jẹ́ ₦200,000, ₦16,000 á kúrò níbẹ̀, wọ́n á sì fi ₦20,000 tiwọn sínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ. Ẹni tí ò béèrè á ti gba ilé tí owó rẹ̀ ò ká.

Kí o tó dìde, béèrè ọjọ́ tí èsì máa jáde, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú wọn.