Àwọ̀ kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò lára ẹja cichlid

Àwọ̀ ló máa ń fa èèyàn sídìí ẹja cichlid ilẹ̀ Áfíríkà. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń gbé, síbẹ̀ àwọ̀ wọn ò kéré sí ti ẹja òkun: yẹ́lò tó mọ́ roro, búlúù tó ń kọ mànà, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n yòò. Òun náà ló fa èmi. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti ń sìn wọ́n, ohun tí mo kọ́ jù ni pé ìwà ni kéèyàn fi yàn wọ́n. Ta ló lè bá ta gbé? Kí ni kálukú ń jẹ? Ẹni tó bá ti yanjú ìyẹn, àwọ̀ ò ní wọ́n ọn.

Ti adágún Màláwì ni mò ń sọ, torí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tá à ń sin ẹja. Irú ẹja tó wà nínú adágún yẹn pọ̀ ju ti adágún èyíkéyìí láyé lọ, cichlid ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Omi rẹ̀ le díẹ̀, ìyẹn irú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe ga tó ni omi ò ṣe ní kan tó), sì máa ń wà láàárín 7.8 sí 8.6. Tí omi tiyín bá rọ̀ jù, ẹ lo iyanrìn tí wọ́n lọ̀ látara òkúta iyùn, tàbí kẹ́ ẹ fi òkúta ẹfun sí i, á máa gbé e ró díẹ̀díẹ̀. Kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìwọ̀n 24 sí 27 lórí Celsius.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ ìwà. Àwọn tí wọ́n ń pè ní mbuna ń gbé láàárín àpáta, ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lára òkúta ni wọ́n ń ha jẹ. Oníjà ni wọ́n, kálukú ló ní ihò tó ń ṣọ́. Àwọn cichlid mìíràn tó ń jẹ́ Aulonocara ní tiwọn jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, kòkòrò wẹ́wẹ́ inú iyanrìn ni wọ́n ń wá jẹ. Ẹ má kó àwọn méjèèjì pọ̀, àyàfi tí mbuna náà bá jẹ́ oníwà tútù bíi Labidochromis caeruleus, ẹja yẹ́lò tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà dúdú. Òun ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó kọ́kọ́ rà. Iodotropheus sprengerae náà dáa, àwọ̀ rẹ̀ dà bí irin tó dógùn-ún, kì í sì í wá ìjà.

Ẹ ṣọ́ra fún Melanochromis auratus. Ó rẹwà nígbà tí kò bá tíì dàgbà. Akọ rẹ̀ tó bá dàgbà lè lé gbogbo ẹja yòókù sí igun kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá rí ẹja tó há sẹ́yìn hítà (ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́) lókè omi, tí lẹbẹ rẹ̀ ti ya jágajàga, tí kì í sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, àìsàn kọ́ ló ń ṣe é o, wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ ni. Ẹ sì má ra irú méjì tí àwọ̀ wọn jọra, torí ẹni tó bá jọ ọ́ ni akọ máa ń kà sí ọ̀tá.

Tánkì tó gùn ló dáa ju èyí tó ga lọ. Kó gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà, kó gba omi bíi 200 lítà ó kéré tán. Kẹ́ ẹ tó da iyanrìn sí i, ẹ kọ́kọ́ to òkúta, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jókòó sórí gíláàsì fúnra rẹ̀. Ìdí ni pé àwọn ẹja yìí ń walẹ̀. Wọ́n á fi ẹnu gbé iyanrìn, wọ́n á tu ú sí ibòmíràn, títí abẹ́ òkúta á fi ṣófo, òkúta tó bá sì yẹ̀ lè fọ́ gíláàsì. Kí ihò kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì, kí ẹni tí wọ́n ń lé lè rí ibi jáde.

Ní ti iye wọn, mbuna tí kò pọ̀ lójú kan máa ń jà ju àwọn tó pọ̀ lọ. Bí wọ́n bá pọ̀ díẹ̀, ìpáǹle inú wọn ò ní lè dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo, bí ìgbà tí oníjàgídíjàgan bá wọ àárín ọjà, tí ẹni tó ń lé á ti sọnù mọ́ ọn lójú. Akọ kan sí abo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹja tuntun kún un, ẹ kọ́kọ́ tún òkúta tò, kí gbogbo wọn di àlejò lọ́jọ́ kan náà.

Ẹja tó pọ̀ ń sọ omi di ẹlẹ́gbin kíákíá o. Fílítà tó lágbára ṣe pàtàkì, ẹ sì máa pààrọ̀ tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta omi lọ́sẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kó ẹja sí i rárá, ẹ jẹ́ kí fílítà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì máa fi amóníà (èròjà olóró tó máa ń ti ara ẹ̀gbin ẹja wá) díẹ̀ bọ́ ọ, kí bakitéríà tó ń sọ amóníà di náítíráìtì, àti náítíráìtì di náítíréètì, lè gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Níbi tí pH bá ti ga báyìí, amóníà ń pa ẹja ju ti ibi tó rẹlẹ̀ lọ. Omi tẹ́ ẹ fà jáde nínú tánkì ni kẹ́ ẹ fi ṣan kànìnkànìn fílítà, torí kiloríìnì inú omi ẹ̀rọ máa ń pa bakitéríà yẹn.

Oúnjẹ mbuna kí ó jẹ́ èyí tí spirulina, ìyẹn ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń hù nínú omi, pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹran àti ọ̀rá kì í bá ìfun wọn lára mu, ikùn wọn lè wú, èyí tó bá sì dé bẹ́ẹ̀ kì í sábà yè. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún wọn. Wọn á ṣe bí ẹni tí ebi ń pa nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá kọjá, ẹ má dá wọn lóhùn.

Tí ara bá tù wọ́n, wọ́n á bímọ. Akọ á gbọn ara rìrì níwájú abo, abo á yé ẹyin, kíá á ti yí padà kó wọn sẹ́nu. Akọ ní àmì róbótó tó jọ ẹyin lára lẹbẹ abẹ́ rẹ̀. Bí abo ṣe ń gbìyànjú láti ṣa ìyẹn náà ni àtọ̀ ń bá ẹyin ẹnu rẹ̀. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó rí i tí àgbọ̀n rẹ̀ wú, tó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, tí kò sì ní fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ má dà á láàmú. Àmọ́ àwọn irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó bá bára wọn tan máa ń gun ara wọn. Ọmọ àdàlù tó bá jáde, ẹ lè sìn ín nínú tánkì yín, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ sọ fún un pé àdàlù ni.