Kí n tó ṣí fọ́tò ẹnikẹ́ni báyìí, ìrù ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Pósítà ni mò ń ṣe ní Kabba níbí, ti òkú, ti ìyàwó, ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń du káńsẹ́lọ̀ náà máa ń wá, torí ẹ̀ fọ́tò olóhun-ún àti oníhìn-ín ló kún inú láptọ́ọ̀pù mi.

Ẹnì kan ní òun fẹ́ ṣe pósítà ìdúpẹ́, ó fi líǹkì ránṣẹ́ pé kí n lọ gbé fọ́tò bàbá òun níbẹ̀. Mo gbé e, mo rí IMG_0417.jpg, mo tẹ̀ ẹ́, láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ béèrè bóyá ó dá mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí nǹkan tó ṣí. Mo tún un tẹ̀ (oríkunkun!). Mi ò mọ̀ pé Windows máa ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́, ìyẹn lẹ́tà tó kẹ́yìn lẹ́yìn dọ́ọ̀tì tó ń sọ irú fáìlì tó jẹ́, IMG_0417.jpg.exe ni nǹkan yẹn ń jẹ́ gan-an, kì í ṣe fọ́tò rárá, program ni, olè ni mo fọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn fún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì wọ́n ti wà lórí Facebook mi, wọ́n ń fi orúkọ mi tọrọ owó, ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìsánlú ti fi ₦15,000 ránṣẹ́ kó tó pè mí pé "Àbúrò, ṣé ara ti yá?" Ara ta ni?

Ẹ ṣí File Explorer, ẹ lọ sí View (tó bá jẹ́ Windows 11, ẹ tún tẹ Show níbẹ̀), ẹ máàkì "File name extensions", ìrù gbogbo fáìlì á jáde. Tó bá jẹ́ .jpg tàbí .png, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ .exe, .scr, tàbí .apk lórí fóònù, fọ́tò kọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ pásítọ̀ yín ló fi ránṣẹ́.

SVG, irú fáìlì àwòrán kan, ló jẹ́ alágàbàgebè díẹ̀ nínú wọn. Ó dáa fún lógò, bó ti wù kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ tó kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíkọ ló wà nínú ẹ̀, èèyàn burúkú lè ki script, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa ń tẹ̀ lé, sáàárín, tẹ́ ẹ bá wá fi Chrome ṣí i, script yẹn á ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Tí mi ò bá mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, PNG ni mo máa ní kó fún mi.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ ńkọ́? Fọ́tò ojú èèyàn, JPEG (.jpg náà ni). Nǹkan tó ní lẹ́tà àti lógò, PNG, torí JPEG máa ń da nǹkan bí eruku sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Ẹ má sì máa ṣí JPEG, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ séèfù lé e lórí, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá séèfù ló ń jẹ díẹ̀ kúrò. Fọ́tò màmá olóògbé kan dé ọ̀dọ̀ mi tó ti gba WhatsApp èèyàn bíi mẹ́rin kọjá, ilà ojú màmá ti parẹ́, gèlè ti di àpò. Ọmọ wọn tó wà ní Abuja ló padà fi ti ìbẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ bíi document, ìgbà yẹn la tó rí màmá. Àwọn tó ń lo iPhone, tí fọ́tò yín bá ń jáde bíi HEIC tí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ò ṣí, ẹ lọ sí Settings, Camera, Formats, kẹ́ ẹ mú Most Compatible.

Àmọ́ document yẹn náà ní tiẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á bọ́ ọ̀rọ̀ tí kámẹ́rà fi pamọ́ sínú ẹ̀, bí ibi tẹ́ ẹ ti yà á, dànù. Document ò bọ́ nǹkan kan, tí location bá wà ní títàn lórí kámẹ́rà yín, ibi tẹ́ ẹ ti yà á á bá a lọ. Bàbá kan fi fọ́tò ara wọn ránṣẹ́ sí mi bẹ́ẹ̀, mo tẹ Properties, mo kó nọ́ńbà GPS tó wà níbẹ̀ sínú máàpù, òrùlé ilé wọn ló jáde, pẹ̀lú igi ńlá kan lẹ́yìn ilé. Mo pè wọ́n, mo ní "Bàbá, igi wo ló wà lẹ́yìnkùlé yín yẹn?" Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo wá síbí?"