Ohun tó wà lábẹ́ AlN ló ń pinnu ìṣe fíltà

Nínú fíltà BAW (bulk acoustic wave), tí fóònù fi ń ya ìgbì rédíò tó fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn mìíràn, fíìmù aluminium nitride, AlN, wà láàárín irin molybdenum (Mo) méjì. Bí iná bá kàn án, á máa gbọ̀n. Ní nǹkan bíi 2 GHz, ìnípọn rẹ̀ máa ń tó máíkírónì kan sí kan àbọ̀.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé ojú tó rí gbágungbàgun ń ba fíltà jẹ́ nítorí pé ó ń tú ìgbì ká. Ìyẹn kọ́ ni olórí ọ̀ràn. Ìgùn ìgbì nínú AlN ní 2 GHz ju máíkírónì 5 lọ. Gbágungbàgun nanómítà 3 kò já mọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú hóró kírísítálì ni ìbàjẹ́ ti ń wọlé. Hóró AlN máa ń dìde lóòró sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá dagun, hóró á fì, àwọn mìíràn á sì dojú kọ òdì, ìgbọ̀n wọn á máa pa ti àwọn tó kù rẹ́. Kt², ìwọ̀n bí fíìmù ṣe ń yí iná padà sí ìgbọ̀n, tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n 6 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún, á lọ sílẹ̀. Àyè tí fíltà ń gbà kọjá á dín, àdánù á sì pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ fi CMP, ìyẹn dídán nǹkan pẹ̀lú kẹ́míkà àti ìfirin, dán oxide tó wà nísàlẹ̀ títí AFM, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wọn ojú nǹkan, yóò fi fi gbágungbàgun tó kéré sí nanómítà 0.5 RMS (irú ìpíndọ́gba kan) hàn. Ẹ fi AlN tín-ín-rín, nanómítà 20 sí 50, ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ Mo lé e lórí láì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ. Èyí ló ń mú Mo dúró ní ojú (110), ìyẹn ọ̀nà tí kírísítálì rẹ̀ kọjú sí. Bí ẹ bá ti gé Mo tán, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀, nítorí orí etí tó dúró ṣánṣán ni AlN ti máa ń là. Fífi gáàsì argon fọ ojú Mo dára, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ jù, òun fúnra rẹ̀ á sọ ojú náà di gbágungbàgun.

Lẹ́yìn náà ni XRD, tó ń fi X-ray wo bí hóró ṣe tò. Rocking curve (0002), ìlà tó ń fi hàn bí hóró ṣe fì tó, tó fẹ̀ kéré sí 1.5° dára, tó bá ti kọjá 2°, ẹ dúró. Kí ó má tàn yín jẹ o: bí irin scandium bá wà nínú AlN, hóró tó yà bàrá lè pọ̀ lójú fíìmù kí rocking curve ṣì dára. SEM, awò amúǹkantóbi elẹ́kítírọ́nì, tàbí AFM ló máa fi wọ́n hàn.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tí àṣìṣe ti wá, ẹ fi wéfà (pẹlẹbẹ tí a ń ṣe fíltà lé lórí) sílíkọ́nì lásán, tí kò ní Mo, sínú iṣẹ́ kan náà. Bí AlN bá dára lórí rẹ̀, tó sì burú lórí Mo, ẹ padà sí Mo. Bó bá burú lórí méjèèjì, ẹ wo omi àti ọ́síjìn inú ẹ̀rọ, pàápàá lẹ́yìn tí a ṣí i láti pààrọ̀ táàgẹ́ẹ̀tì, irin tí ohun tí a fi ń ṣe fíìmù ti ń wá.